Ìwé Tí Ṣómólú Ń Tẹ̀: Ta Ni Yóò Bá Wa Kó O Pamọ́?

Láti ìgbà tí àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti ń rí iṣẹ́ sí ilé ìkówèésí yunifásítì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "Prof, wọ́n ní kí n máa mójú tó àkójọ àkànṣe. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ìdáhùn mi kì í gùn. Mo máa ń ní kí wọ́n gba Ṣómólú lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé bàbá ń ṣàwàdà. Àwàdà kọ́ o. Lónìí, mo fẹ́ fi ìtàn ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àkójọ àkànṣe ni apá ilé ìkówèésí tí wọ́n ń kó ohun tí owó kò lè rà lẹ́ẹ̀kejì sí: ìwé àfọwọ́kọ, lẹ́tà, ìwé ìròyìn àtijọ́, fọ́tò, máàpù, ìwé pẹlẹbẹ tí ẹnì kan fi owó ara rẹ̀ tẹ̀, pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ìwé ẹ̀kọ́ físíìsì bá sọnù ní láíbìrì, wọ́n á ra òmíràn. Bí lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí ọmọ rẹ̀ ní 1912 bá sọnù, ó parí nìyẹn.

Ọ̀nà Bàrígà ni mo fẹ́ gbà wọ inú ìtàn yìí. Ní 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Samuel Ajayi Crowther, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Bàrígà ló sì wà lónìí. Ọdún kan náà yẹn ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ilé ẹ̀kọ́ ń bí àwọn tó lè kàwé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń bí ohun tí wọ́n máa kà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rò nígbà náà ni ibi tí gbogbo bébà yẹn máa sùn sí.

Ilé ẹ̀kọ́ yìí ló so ọkùnrin méjì kan pọ̀ tí ìtàn Èkó kò lè gbàgbé. Àkọ́kọ́ ni Henry Carr, tí wọ́n bí ní 1863. Ó gboyè ní Fourah Bay College ní Sàró ní 1882, ó padà wálé, ó sì di olùkọ́ ní CMS Grammar School ní 1885. Ẹnì kejì ni Herbert Macaulay, ọmọ olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n bí ní 1864. Carr bá ìjọba òyìnbó ṣiṣẹ́, ó ga nínú iṣẹ́ náà débi pé òun ló ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì Èkó láti 1918 sí 1924. Macaulay ní tirẹ̀ bá ìjọba náà jà, ó gbèjà Elékòó, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ní 1924, ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń kígbe pé Henry Carr gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Carr kú ní 1945, Macaulay kú ní 1946. Carr kò fi ilé ńlá ṣe ìgbéraga bí ó ti fi ìwé ṣe. Nǹkan bí 18,000 ìwé ló wà nílé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba ra ìwé wọ̀nyí, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkówèésí University College, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Àwọn ìwé Macaulay náà, lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú Èkó, ilé ìkówèésí kan náà ni wọ́n wà, èyí tí à ń pè ní Kenneth Dike Library lónìí. Àwọn méjì tí kò lè jọ jókòó nígbà ayé wọn ti wá ń gbé abẹ́ òrùlé kan.

Èyí ni mo fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tuntun kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ilé ìkówèésí tó bá kó ti Carr tí kò kó ti Macaulay, ẹjọ́ ẹnì kan ló gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe rí láàárín 1900 sí 1945 gbọ́dọ̀ ka tọ̀tún tòsì. Iṣẹ́ àkójọ àkànṣe kì í ṣe láti yan ẹni tó ṣe rere. Kí ẹ̀rí má ṣègbé ni.

Ta ló wá wà níbi ẹnu ọ̀nà ní Ìbàdàn nígbà tí gbogbo èyí ń wọlé? John Harris ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìkówèésí Yunifásítì Otago ní New Zealand ló ti wá ní 1948, ó sì wà ní Ìbàdàn títí di 1968. Ogún ọdún! Àlejò ni, a sì máa ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò yìí ríran. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó dé tí òfin kan fi jáde, ní 1950, pé gbogbo ẹni tó bá gbé ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà méjì ránṣẹ́ sí ilé ìkówèésí Ìbàdàn. Láti inú ohun tí òfin yìí ń kó wọlé ni ilé ìkówèésí náà ti ń tẹ àkójọ orúkọ ìwé tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ láti ti 1950. Ní 1954, ilé ńlá tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀ parí. Nígbà tó di 1960, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Inú iṣẹ́ yẹn ni Màmá Adétòwun Ògúnṣẹ̀yẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, lára àwọn obìnrin ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Òfin náà kò dúró síbẹ̀. Wọ́n dá National Library of Nigeria sílẹ̀ ní 1964, òfin tuntun sì jáde ní 1970 pé ẹ̀dà mẹ́ta ni kí olùgbéwèéjáde máa fi sílẹ̀. Ẹ wá bi mí pé bí òfin bá ti wà láti 1950, kí ló dé tí ihò fi pọ̀ nínú àkójọ wa? Ohun tó fà á ni pé olùgbéwèéjáde ni òfin mọ̀. Òfin mọ ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ, tó ní àdírẹ́sì, tó ń tẹ ìwé tó ní èèpo. Ta ni olùgbéwèéjáde ìwé ètò ìsìnkú Màmá Alásọ? Ṣé ọmọ rẹ̀ tó sanwó ni, àbí atẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́? Ta ni olùgbéwèéjáde kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí fọ́tò àwọn olóyè wà lára rẹ̀? Òfin kò rí wọn, wọn kò sì rí òfin.

Ibẹ̀ ni Ṣómólú ti wọlé. Ẹ jáde ní ẹnubodè Yunifásítì Èkó ní Akọka, ẹ gba Bàrígà kọjá, ẹ ó bọ́ sí Ṣómólú. Kò jìnnà rárá. Yunifásítì Èkó ti wà láti 1962, Ṣómólú sì ti di ìlú àwọn atẹ̀wé tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ohunkóhun kíákíá, tí kò fẹ́ kí owó pọ̀, ibẹ̀ ló ń lọ. Lójú ọ̀nà Bajulaiye àti Shipeolu àti àwọn òpópónà tó yí wọn ká, ẹnì kan ń ṣe pléètì, ẹnì kejì ń tẹ̀ ẹ́, ẹnì kẹta ń gé e, ẹnì kẹrin ń dì í. Ọmọ iṣẹ́ á gbé bébà lórí láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún kí ó tó parí.

Kí ni wọ́n ń tẹ̀? Ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó. Ìwé ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé àdúrà tí ààfáà kọ ní Yorùbá àti Lárúbáwá. Ìwé pẹlẹbẹ lórí Ifá, lórí ewé àti egbò. Ewì. Pósítà olóṣèlú. Èèpo fíìmù Yorùbá. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, òfin ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, ìwé ìrántí àádọ́ta ọdún ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá fẹ́ mọ bí àwọn Yorùbá ṣe gbé ayé ní Èkó ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ohun tí à ń wá wà nínú bébà wọ̀nyí ju bó ti wà nínú ìwé tí àwa ọ̀jọ̀gbọ́n kọ lọ.

Ẹ mú ìwé ètò ìsìnkú nìkan. Màmá tó ta aṣọ lọ́jà fún ogójì ọdún, kò sí nínú ìwé ìtàn kankan. Orúkọ rẹ̀ kò jáde nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ ìwé ojú ewé mẹ́jọ: ìlú tí wọ́n bí i sí, agbo ilé bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, ọdún tó dé Èkó, ẹni tó kọ́ ọ lówò, ẹgbẹ́ ọjà tó wà, oríkì orílẹ̀ rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ọmọ. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ti ń fi fẹ́ iná.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Prof, ìwé ìsìnkú náà lẹ fẹ́ kó sí yunifásítì?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan dáhùn. Ní 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Èkó dàrú. Àwọn ènìyàn rò pé obìnrin náà wà láàyè. Lójú ẹni tó rà á nígbà náà, ìwé ìròyìn lásán ni, bó bá kà á tán, ó di ti alákàrà. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ni, Karin Barber sì gbé e jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì àti àlàyé kíkún. Bí gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ bá ti bá àkàrà lọ, kí ni a ò bá kà? Kò sẹ́ni tó lè wo bébà òní kí ó mọ èyí tí yóò di ohun iyebíye lọ́la. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó o.

Iṣẹ́ èdè ni mo fi jẹun, nítorí náà ẹ máa fojú inú wò ó pé mo máa kan èdè. Bébà Ṣómólú ni ẹ̀rí tó dára jù lọ lórí bí àwọn tí kì í ṣe olùkọ́ ṣe ń kọ Yorùbá. Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ ní 1965, ìgbìmọ̀ jókòó ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Gbogbo èyí wà nínú àkọsílẹ̀. Ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ kankan ni ọdún tí atẹ̀wé kan fi "nwọn" sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ "wọ́n", tó fi "enia" sílẹ̀ tó mú "ènìyàn". Bébà nìkan ló lè sọ ìyẹn fún wa. Orúkọ òpópónà gan-an ń jẹ́rìí: àkọtọ́ àtijọ́ ló wà nínú "Bajulaiye", "sh" tí a ti fi "ṣ" rọ́pò sì ṣì wà nínú "Shomolu" àti "Shipeolu".

Èyí wúlò fún òṣìṣẹ́ láíbìrì ju bí ẹ ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé pẹlẹbẹ ni kò ní ọdún lára. Ẹni tó mọ àkọtọ́ lè fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Bí "aiye", "yio" àti "nwọn" bá kún inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú 1974. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: Bíbélì Mímọ́ àti ìwé orin kò pa àkọtọ́ àtijọ́ tì, nítorí náà ìwé ètò ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ti àná kí ó sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé 1930 ni. Ẹ wo bébà, ẹ wo ìtẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà fóònù atẹ̀wé ní ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, kò lè ju 2001 lọ sẹ́yìn, torí ọdún yẹn ni fóònù GSM dé Nàìjíríà.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá káwọ́ gbera ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn rí. Ìwé pẹlẹbẹ ọjà Onitsha gbòde láàárín ìparí àwọn ọdún 1940 sí ìgbà ogun abẹ́lé. Ogun bà ọjà náà jẹ́. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ka púpọ̀ nínú wọn lè bá wọn ní Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, tó ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kó wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ tí wọ́n bí sí Bàrígà lè rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Bàrígà láìgba físà.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ohun tí òṣìṣẹ́ tuntun yóò ṣe. Mo rí i bí iṣẹ́ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ẹ jáde. Ẹ má jókòó dúró de òfin. Gbogbo atẹ̀wé ló ní sáńpùlù iṣẹ́ tó ti ṣe tó fi ń han oníbàárà: nínú fáìlì, nínú páálí, lábẹ́ tábìlì. Àkójọ àkànṣe ti wà nílẹ̀ nìyẹn, láíbìrì ni kò tíì mọ̀. Bákan náà, kò sí atẹ̀wé tó máa tẹ ọgọ́rùn-ún géérégé. Ó máa ń fi díẹ̀ lé e nítorí èyí tó máa bàjẹ́. Ẹ̀lé yẹn ni kí ẹ tọrọ. Ẹ kí wọn bó ti yẹ, ẹ pe àgbà ní bàbá tàbí ìyá, ẹ pe ọ̀gá ní ọ̀gá, ẹ fún wọn ní ìwé pé ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ẹ kí lẹ́ẹ̀kan tí ẹ kò padà wá, kò ní tọ́jú nǹkan kan dè yín. Ẹ máa lọ lóṣooṣù.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ fún un lórúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ètò Library of Congress, PL8821 ni ibi tí ìwé lórí èdè Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo ohun tó bá ti ní Yorùbá lára síbẹ̀, ẹ ti sin wọ́n ni. Ẹ kọ ìlú, ẹ kọ agbo ilé, ẹ kọ iṣẹ́, ẹ kọ ẹ̀sìn, ẹ kọ orúkọ atẹ̀wé àti òpópónà rẹ̀. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì tún kọ ọ́ láìsí àmì, torí ẹni tó ń wá a lórí kọ̀ǹpútà lè tẹ Somolu, ó lè tẹ Shomolu, ó sì lè tẹ Ṣómólú. Kí gbogbo wọn mú un débi kan náà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ tó. Harris gan-an kò lè dá a ṣe. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló kà á fún un.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bébà olówó pọ́ọ́kú ní èròjà igi nínú tó máa ń sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú títí yóò fi máa fọ́ bí ewé gbígbẹ. Píìnì á dípẹtà, á jẹ bébà yí ara rẹ̀ ká. Ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wọlé. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohunkóhun. Ẹ gbé páálí kúrò nílẹ̀ àti kúrò lára ògiri nítorí ikán àti ọ̀rinrin. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sọ bébà nù. Kọ̀ǹpútà máa ń kú, bébà tí wọ́n bá tọ́jú máa ń pẹ́.

Gbogbo èyí ń gba owó, mo mọ̀. Àmọ́ owó kọ́ ló kọ́kọ́ ṣòro. Mo ti rí ilé ìkówèésí tó ní àpótí tó dára, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí kò sì sí ohun kan nínú àpótí, nítorí kò sẹ́ni tó jáde. Ohun tó sọ Ìbàdàn di ohun tó jẹ́ kì í ṣe ilé Fry àti Drew. Ìwé Carr ti wọlé kí ilé náà tó parí.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Nígbà tí wọ́n ń fi òjé tẹ̀wé, ó kéré tán, bébà máa ń ṣẹ́ kù. Lónìí, iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú, ó lè pa á rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àyè lè wà. Ìkéde òkú ti ń gba orí WhatsApp lọ, fóònù sì ń bọ́ sínú omi. Àwọn àgbà atẹ̀wé tó mọ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà òjé ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn sì ń ta fáìlì sáńpùlù bíi bébà àtijọ́ fún àwọn ẹlẹ́pà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kò ṣiṣẹ́ ní láíbìrì, iṣẹ́ kan wà fún yín. Ẹ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá yín. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìdúpẹ́ àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, nígbà tí ẹni tó dá wọn mọ̀ ṣì wà láyé. Bí ẹ̀dà bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ mú ọ̀kan lọ sí ilé ìkówèésí yunifásítì tó sún mọ́ yín, ẹ béèrè ẹni tó ń mójú tó àkójọ àkànṣe, ẹ sì gba ìwé pé wọ́n ti gbà á. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í gba irú rẹ̀, ẹ rọra bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbà. Ẹ dúró gbọ́ èsì.